Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ajá Tí Kò Fẹ́ Okùn

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù,

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín ni ó ní ajá ní ilé tàbí ní abà. Ajá ni ó ń lé ọ̀yà kúrò nínú oko ẹ̀gẹ́. Òun ni ó ń gbó nígbà tí olè bá fẹ́ wá kó kòkó tí a sá. Òun náà ni ó sì ń bá ọdẹ wọ igbó. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé mélòó nínú àwọn ajá wọ̀nyí ni a lè so okùn mọ́ ní ọrùn, kí ó sì tẹ̀ lé wa wọ́ọ́rọ́wọ́ dé ojú ọ̀nà ọkọ̀, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni yóò lè na ọwọ́ sókè.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́. Ní ọjọ́ tí àwọn oníṣègùn ẹran bá gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi wá sí abúlé, ajá tí ó ṣeé mú ni wọ́n ń gún. Èyí tí kò mọ okùn yóò já wọ inú igbó kòkó, yóò sì ba síbẹ̀ títí ọkọ̀ wọn yóò fi lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ajá yìí kan náà ni yóò padà wá bá àwọn ọmọ yín ṣeré ní àgbàlá. Ìdí nìyí tí a fi kọ ìwé kékeré yìí: kí ẹ lè mọ bí a ṣe ń fi sùúrù kọ́ ajá tí ó ń bẹ̀rù okùn, títí yóò fi máa tẹ̀ lé yín láìjà.

1. ÈRÈ TÍ Ó WÀ NÍNÚ OKÙN

Àrùn dìgbòlugi a máa wà nínú itọ́ ẹran tí ó bá ní in. Bí irú ẹran bẹ́ẹ̀ bá bu ènìyàn jẹ, tàbí bí itọ́ rẹ̀ bá kan ojú egbò, àrùn náà yóò wọ ara, yóò sì máa gba ojú iṣan lọ títí yóò fi dé ọpọlọ. Nígbà tí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo. Nínú ènìyàn 100 tí àrùn yìí ń pa ní ayé, bí 99 ni ó jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o. Nínú ènìyàn 10 tí ẹran tí a fura sí bá bù jẹ, 4 ni ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 15.

Ṣùgbọ́n a lè dènà rẹ̀. Ní ọdún 1885, Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gún ọmọdékùnrin kan tí ajá dìgbòlugi bù jẹ ní abẹ́rẹ́, ọmọ náà kò sì kú. Lónìí, abẹ́rẹ́ ti wà fún ajá pàápàá. A máa ń gún ọmọ ajá nígbà tí ó bá pé oṣù 3, a ó sì máa tún un gún lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí dókítà ẹran bá ti wí. Bí a bá gún ajá 70 nínú 100 ní àdúgbò kan, tí a kò sì jẹ́ kí iye náà wálẹ̀, àrùn náà kì í rí ọ̀nà gbà láti ara ajá kan dé ara òmíràn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí abúlé kan bá ní ajá 40, ó kéré tán, 28 ni a gbọ́dọ̀ gún. Bí 15 nínú wọn bá sá nítorí pé wọn kò mọ okùn, 25 péré ni ó kù, iṣẹ́ ọjọ́ náà kò sì pé. Abẹ́rẹ́ wà, oníṣègùn wà, olówó ajá sì wà ní ìjókòó. Okùn nìkan ni kò sí.

Àwọn èrè mìíràn tún wà. Ajá tí ó mọ okùn kì í sáré sí abẹ́ ọkọ̀ nígbà tí a bá ń kọjá lójú ọ̀nà. A lè mú un gba àárín ewúrẹ́ àti adìẹ aládùúgbò kọjá láìsí ẹjọ́. Bí ó bá ṣe ara rẹ̀ léṣe, a lè dì í mú kí a fọ egbò rẹ̀. Bí ó bá sì bu ènìyàn jẹ, a lè so ó mọ́lẹ̀ kí a máa ṣọ́ ọ bí ó ti yẹ.

2. ÌDÍ TÍ AJÁ FI Ń KỌ OKÙN

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé agídí ni ó ń ṣe ajá tí ó bá dúró gbagidi nígbà tí a bá fà á. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ìdí mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀.

(a) Kò mọ ohun tí ó jẹ́. Ajá tí ó ti ń rìn káàkiri láti kékeré kò mọ ohun tí ó rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Lójú tirẹ̀, ó dà bí ẹni pé ẹranko kan dì í lọ́rùn mú.

(b) Fífà ni ó ń mú un fà sẹ́yìn. Bí a bá fa ẹran síwájú, ara rẹ̀ yóò fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀ kí ó má baà ṣubú. Ẹ ti rí i lára ewúrẹ́ tí a ń fà lọ sí ọjà. Bí a ti ń fà tó ni òun náà ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tó.

(d) Ó ń jẹ ìrora. Ẹ̀gún lè wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, eégbọn lè kún etí rẹ̀, tàbí kí egbò wà ní abẹ́ irun ọrùn rẹ̀.

(e) Ó rántí ibi. Nínú ọ̀pọ̀ agboolé, ajá kì í fi ojú kan okùn àfi ní ọjọ́ tí a fẹ́ nà án, tàbí ní ọjọ́ tí a fẹ́ gbé e lọ tà. Ajá tí ó bá ti rí i tí a fi okùn mú ẹnìkejì rẹ̀ lọ tí kò sì padà bọ̀, tàbí tí a ti so fúnra rẹ̀ kí a tó lù ú, ní ìdí tí ó fi ń sá.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí pàṣán lè wò sàn. Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ni í le koko. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀ lé èyí dúró lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: kí ajá rí i fúnra rẹ̀ pé nígbàkúùgbà tí òun bá súnmọ́ ẹni tí ó di okùn mú, okùn a dẹ̀, oúnjẹ a sì wọ ẹnu.

3. OHUN TÍ Ẹ NÍLÒ

Ọ̀já ọrùn. Ẹ lè gé e lára bẹ́líìtì àtijọ́, tàbí kí ẹ di aṣọ líle mẹ́ta pọ̀ bí ẹni di irun. Kí ó fẹ̀ tó íǹṣì 1. Bí ẹ bá dè é tán, kí ìka méjì lè wọ àárín rẹ̀ àti ọrùn ajá. Bí ó bá fún ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò dá egbò sí i lọ́rùn. Bí ó bá dẹ̀ jù, ajá yóò yọ orí. Ọmọ ajá ń dàgbà kíákíá, nítorí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Okùn. Kí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6, kí ó sì fúyẹ́. Okùn òwú dára ju okùn ọ̀rá lọ, nítorí pé okùn ọ̀rá a máa bó ènìyàn lọ́wọ́ bí ajá bá fà á lójijì. Ẹ má ṣe lo wáyà. Ẹ má sì ṣe ta ojóbó sí ọrùn ajá, nítorí pé bí ajá bá ti ń fà ni ojóbó ń fún un lọ́rùn, ẹ̀rù rẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i. Kókó tí kì í yọ̀ ni kí ẹ ta.

Okùn àyà. Èyí wà fún ajá tí ó ti mọ bí a ti ń yọ orí kúrò nínú ọ̀já. Ẹ fi aṣọ líle ṣe òbìrí méjì: ọ̀kan yí ọrùn ká, èkejì yí ìhà ká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ fi aṣọ so méjèèjì pọ̀ lórí ẹ̀yìn ajá àti lábẹ́ àyà rẹ̀, kí ẹ sì so okùn mọ́ ti orí ẹ̀yìn. Kò ní fún un lọ́rùn, kò sì rọrùn fún un láti bọ́ ọ.

Oúnjẹ ẹ̀kọ́. Ẹja gbígbẹ tàbí ẹran gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́ bí ẹyọ ẹ̀wà ni ó dára jù. Ẹ má ṣe fún un ní eegun adìẹ tí a ti sè, nítorí pé ó máa ń fọ́ ṣóṣóró, ó sì lè gún un nínú ọ̀fun tàbí nínú ìfun.

4. Ẹ̀KỌ́ NÁÀ

Kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé kọ́kọ́ ṣe olùkọ́. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn kò mú tí ebi sì ń pa ajá díẹ̀, ni àkókò rẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 tó fún ẹ̀kọ́ kan. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ dára ju kí a máa ṣe é fún wákàtí kan gbáko lọ.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ọ̀já. Ẹ gbé ọ̀já sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ rẹ̀ kí ó gbóòórùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ de ọ̀já náà mọ́ ọn lọ́rùn nígbà tí ó bá ń jẹun, kí ẹ sì tú u kí ó tó jẹun tán. Ẹ máa fi àkókò kún un díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní bìkítà fún un mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: okùn nílẹ̀. Ẹ so okùn mọ́ ọ̀já, kí ẹ sì jẹ́ kí ajá máa wọ́ ọ nílẹ̀ nínú àgbàlá tí kò sí kùkùté tàbí igi tí okùn lè há sí. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ máa ju oúnjẹ wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ okùn, kí ó mọ̀ pé ibi tí okùn wà ni ire wà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: okùn lọ́wọ́. Èyí ni ọkàn ẹ̀kọ́ náà. Ẹ di orí okùn mú, kí ẹ sì dúró. Ẹ má ṣe fà á. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kọjú sí ajá, kí ẹ lóṣòó, kí ẹ má sì ṣe tẹjú mọ́ ọn, nítorí pé ìtẹjúmọ́ dà bí ìhàlẹ̀ lójú ajá. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Àwọn bàbá wa a máa fi òwe sọ ajá lórúkọ. Bí orúkọ ajá yín bá gùn, ẹ gé e kúrú fún ẹ̀kọ́ yìí. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kan péré síhà ọ̀dọ̀ yín, ẹ dẹ okùn lójú ẹsẹ̀, ẹ yìn ín, kí ẹ sì fún un ní oúnjẹ. Kí oúnjẹ má ṣe pẹ́. Bí ó bá pẹ́, ajá kò ní mọ ohun tí òun ṣe tí a fi fún òun. Lẹ́yìn náà, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ sì tún pè é.

Bí ajá bá fà sẹ́yìn, ẹ dúró bí igi. Ẹ má fà á, ẹ má sì dẹ okùn. Ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ bá dẹ ọrùn ni kí okùn dẹ̀. Báyìí ni yóò fi mọ̀ pé ọwọ́ òun ni ìrọ̀rùn wà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó. Ẹ tú u sílẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì dùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: rírìn. Ẹ rìn síwájú ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ márùn-ún, kí ẹ fi oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ itan yín níbi tí ẹ fẹ́ kí ó máa rìn. Bí ó bá sáré ṣáájú tí okùn sì nà tantan, ẹ dúró. Bí ó bá bojú wẹ̀yìn tí okùn dẹ̀, ẹ máa lọ. Ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ó lè máa wo ojú yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìta. Láti àgbàlá, ẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Láti ẹnu ọ̀nà, sí ojú ọ̀nà oko. Lẹ́yìn náà ni ọjà ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ẹ jẹ́ kí ó wo ewúrẹ́ àti ọ̀kadà láti òkèèrè ná. Bí kò bá lè jẹ oúnjẹ tí ẹ fún un, a jẹ́ pé ẹ̀rù bà á jù. Ẹ sún sẹ́yìn títí yóò fi lè jẹun.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọwọ́ àlejò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í rántí èyí, bẹ́ẹ̀ ni nítorí rẹ̀ gan-an ni a ṣe ń kọ́ ajá. Kí ẹlòmíràn nínú ilé di okùn mú. Lẹ́yìn náà kí aládùúgbò dì í mú. Kí ẹnì kan máa fún un ní oúnjẹ, kí èkejì máa fọwọ́ pa á ní èjìká, kí ó fi ìka méjì rọra gbé awọ rẹ̀ sókè, kí ó sì jù ú sílẹ̀. Ajá tí a bá ti ṣe báyìí sí ní ìgbà púpọ̀ kì í bẹ̀rù nígbà tí dókítà ẹran bá gbé ọwọ́ lé e.

Ọmọ ajá tí ó tó oṣù 2 sí 3 lè mọ gbogbo èyí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àgbà ajá lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, pàápàá èyí tí a ti lù rí. Ẹ má ṣe ka ọjọ́; ẹ wo ajá. Kí ó mọ ìgbésẹ̀ kan dájú kí ẹ tó lọ sí èyí tí ó kàn.

5. BÍ AJÁ BÁ TAKÚ

Bí ó bá dùbúlẹ̀ tí kò dìde: ẹ má ṣe wọ́ ọ. Ẹ sún mọ́ iwájú rẹ̀ díẹ̀, ẹ lóṣòó, kí ẹ sì dúró. Bí ó bá dìde, ẹ fún un ní oúnjẹ, kí ẹ sì parí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà níbẹ̀.

Bí ó bá ń gé okùn jẹ: ẹ jẹ́ kí okùn dẹ̀, kí ẹ sì fi oúnjẹ pè é. Bí ẹ bá fa okùn kúrò ní ẹnu rẹ̀, eré ni yóò pè é.

Bí ó bá ká ìrù mọ́ abẹ́, tí ó ń gbọ̀n, tàbí tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí oòrùn kò mú: ẹ̀rù ni. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ tí ó ṣáájú.

Bí ó bá ń kùn tí ó sì ń yọ eyín: ẹ fi okùn sílẹ̀ nínú àgbàlá, kí ẹ sì kúrò níwájú rẹ̀. Ìkùn jẹ́ ìkìlọ̀. Ajá tí a bá nà nítorí pé ó kùn lè bu ènìyàn jẹ láìkùn ní ọjọ́ mìíràn.

6. OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

A kò gbọdọ̀ yí okùn mọ́ ọwọ́. Bí ajá bá fò lójijì, ó lè dá ìka tàbí ọrùn ọwọ́.

A kò gbọdọ̀ so ajá mọ́ kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà kí ó máa sáré tẹ̀ lé e.

A kò gbọdọ̀ fi okùn ajá ńlá lé ọmọdé lọ́wọ́.

A kò gbọdọ̀ mú ajá rìn lójú títì ní ọ̀sán gangan. Ajá kì í làágùn bí ènìyàn. Ẹnu ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára, ọ̀dà gbígbóná sì ń jó o ní àtẹ́lẹsẹ̀.

A kò gbọdọ̀ so ó mọ́ igi láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí a sì pe ìyẹn ní ẹ̀kọ́. Ajá tí a so bẹ́ẹ̀ a máa rorò, a sì tún máa kórìíra okùn.

7. AJÁ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KÀN

Bí ajá tí ẹ mọ̀ dáadáa bá ṣàdédé yí padà, tí ó ń bu igi àti òkúta jẹ, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí àgbọ̀n rẹ̀ jábọ́ tí kò lè gbé omi mì, tàbí tí ajá tí ó máa ń sá fún ènìyàn wá di ẹni tí ń súnmọ́ gbogbo ènìyàn, ẹ má ṣe wá okùn. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kàn án, ẹ má sì ṣe ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu pé eegun ni ó há a lọ́fun. Ẹ kó àwọn ọmọ wọlé, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe dókítà ẹran.

Bí ajá èyíkéyìí bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, bí egbò náà tilẹ̀ kéré. Ẹ má ṣe fi epo tàbí ata sí i. Bí ajá náà bá ní olówó tí ara rẹ̀ sì dá, ẹ má ṣe yára pa á. Kí olówó rẹ̀ so ó mọ́lẹ̀ kí dókítà ẹran sì máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Bí kò bá ṣàìsàn títí ọjọ́ náà fi pé, a jẹ́ pé àrùn náà kò sí nínú itọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bu ènìyàn jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bù jẹ kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ 10 náà kí ó tó lọ gba abẹ́rẹ́.

8. IṢẸ́ ẸGBẸ́ ALÁJẸṢẸ́KÙ

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Bí ènìyàn kan bá kọ́ ajá rẹ̀ tí aládùúgbò rẹ̀ kò kọ́ tirẹ̀, ewu ṣì wà fún àwọn méjèèjì. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni a máa ń fi ṣe ọjọ́ ìjà sí dìgbòlugi ní gbogbo ayé. Ọjọ́ náà bá ètò oko wa mu. Ìmọ̀ràn wa ni pé:

Ní ìpàdé oṣù Keje, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ iye ajá tí ó wà ní agboolé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ sì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àwọn oníṣègùn ẹran tí ó súnmọ́ yín láti bèèrè abẹ́rẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, kí kíká kòkó tó gba gbogbo ọwọ́ wa, kí olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ajá rẹ̀. Ẹgbẹ́ lè ra okùn òwú lápapọ̀ kí wọ́n sì gé e fún ara wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó pé, kí gbogbo ènìyàn mú ajá wọn wá sí ibi tí a ó ti gún wọn, láìsí abẹ́rẹ́. Kí wọ́n jìnnà sí ara wọn, kí wọ́n fún ajá ní oúnjẹ níbẹ̀, kí wọ́n sì padà sílé. Nígbà tí ọjọ́ náà bá pé, ibi tí ajá ti jẹun rí ni yóò rò pé òun ń lọ.

Ẹ RÁNTÍ

Yẹ ara ajá wò kí o tó bẹ̀rẹ̀.
Ọ̀já tí ó fẹ̀, kókó tí kì í yọ̀. Kì í ṣe ojóbó.
Ìṣẹ́jú 5, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.
Má fà á, dúró. Bí ó bá wá, dẹ okùn kí o sì fún un jẹ.
Kọ́ ọ kí àlejò lè dì í mú.
Abẹ́rẹ́ ní oṣù 3, kí a sì tún un gún lọ́dọọdún.

Wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ òní, kí tiyín má baà wà nínú àwọn tí a ó fi sílẹ̀ sínú igbó ní ọjọ́ abẹ́rẹ́.